Ọmọ Ọ̀dọ̀ Tó Kọ Orúkọ Sínú Ìwé Àwọn Ọlọ́lá: Bí Okòwò Ńlá Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Láwọn Ìlú Ọlọ́jà Ilẹ̀ Yúróòpù

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1602, ìwé ńlá kan wà ní ṣíṣí nílé oníṣòwò pàtàkì kan tó ń jẹ́ Dirck van Os, nílùú Amsterdam, lórílẹ̀-èdè Họ́láńdì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá owó sínú ilé-iṣẹ́ tuntun kan, tí yóò máa fi ọkọ̀ ojú omi lọ kó ata àti àwọn ohun amọ́bẹ̀dùn wá láti Íńdíà àti àwọn erékùṣù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ló láǹfààní láti wá kọ orúkọ àti iye tó fẹ́ dá. Lóru ọjọ́ náà ni wọn yóò pa ìwé ọ̀hún dé. Àwọn olówó ìlú ti kọ tiwọn, àwọn mìíràn kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún guilder, tí í ṣe owó tí wọ́n ń ná nígbà náà. Nígbà tí àkókò fẹ́ tán, ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé náà gan-an, Neeltgen Cornelis, pinnu pé òun náà yóò dá sí i. 100 guilder ló kọ. Owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ni iye yẹn jẹ́ fún ọmọ ọ̀dọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni san tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbà á.

Ènìyàn 1,143 ló kọ orúkọ ní Amsterdam nìkan, iye tí wọ́n sì dá jẹ́ 3,679,915 guilder. Nígbà tí wọ́n ro ti àwọn ìlú márùn-ún yòókù mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 6.4. VOC ni ìkékúrú orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lédè àwọn ará Họ́láńdì.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Obìnrin yìí kò dé ibi tí ọkọ̀ ń lọ rí, kò sì mọ atukọ̀ kankan níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá rì, ó lè tó ọdún kan tàbí méjì kí ìròyìn tó kàn án. Àwọn tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá sì rẹ́ ẹ jẹ, kò dájú pé yóò rí wọn mú. Síbẹ̀, ó dá owó, nítorí pé ìwé wà, òfin ìlú sì wà lẹ́yìn ìwé náà. Ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní kápítálísíìmù, kì í ṣe pé àwọn kan lówó ju àwọn kan lọ ló bí i, nítorí ọlọ́rọ̀ ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun tó bí i ni pé àwọn ìlú ọlọ́jà kan wá ọ̀nà tí àjèjì yóò fi lè fi owó rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́ kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Ó gbà wọ́n ju 400 ọdún lọ, àìmọye ènìyàn ló sì pàdánù gbogbo ohun tó ní kí wọ́n tó rí ọ̀nà náà.

Ítálì ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1100, Venice, Genoa àti Pisa jẹ́ ìlú tó ń dá ṣe ìjọba ara wọn, ojú omi ni wọ́n sì ti ń jẹun. Ẹni tó lówó kò fẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu lórí òkun. Ẹni tó lágbára láti rìnrìn àjò kò lówó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Wọ́n wá gbé ìwé àdéhùn kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní commenda. Olówó yóò gbé gbogbo owó sílẹ̀, arìnrìn-àjò yóò gbé ọjà lọ. Bó bá padà dé, wọn yóò yọ ojú owó sọ́tọ̀, wọn yóò pín èrè sí mẹ́rin, olówó yóò kó mẹ́ta, arìnrìn-àjò yóò mú ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá rì, olówó ló pàdánù owó, arìnrìn-àjò kò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Kì í ṣe olówó ńlá nìkan ló ń ṣe é. Àwọn opó, àwọn àlùfáà àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà ń fi owó kékeré sí i. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, tí wọ́n sì ti pín èrè, àdéhùn ti parí nìyẹn, bí ìgbà tí àjọ bá kárí tí kálukú sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó dúró.

Ọmọ Pisa kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Leonardo, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Fibonacci. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún àwọn oníṣòwò Pisa ní ìlú Bugia, ní etí òkun orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Algeria lónìí. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ oǹkà àwọn ará Íńdíà tí àwọn Lárúbáwá ń lò, ìyẹn 1, 2, 3 tó fi dé òdo, tí gbogbo wa ń lò báyìí. Ní 1202 ó kọ ìwé lé e lórí, ó fi han àwọn oníṣòwò bí wọ́n ṣe lè ṣírò èlé, bí wọ́n ṣe lè pín èrè, àti bí wọ́n ṣe lè ṣẹ́ owó ìlú kan sí ti ìlú mìíràn. Oǹkà Róòmù tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kò ṣeé fi ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ìlò tuntun kì í sì í ṣaláì rí alátakò: ní 1299, ẹgbẹ́ àwọn onípàṣípààrọ̀ owó ní Florence fòfin dè é pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má fi oǹkà tuntun yìí kọ ìwé ìṣirò owó. Ó rọrùn láti fi gègé sọ òdo di mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án.

Florence yìí kì í ṣe ìlú etí òkun, ṣùgbọ́n òun ló wá di ọ̀gá wọn nídìí owó. Ní 1252 ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó wúrà tirẹ̀, florin, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta àtààbọ̀. Genoa ṣe tirẹ̀ lọ́dún kan náà, Venice sì tẹ̀ lé wọn ní 1284. Ibo ni wúrà náà ti wá? Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, láti inú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àwọn ọba Mali. Ràkúnmí ló ń rù ú la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé àwọn èbúté Àríwá Áfíríkà, ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣòwò Ítálì ti ń rà á. Àwọn tó ń sọ pé Áfíríkà kò lọ́wọ́ nínú ìtàn yìí àfi ìgbà òwò ẹrú kò wo ẹ̀yìn dáadáa.

Orí bẹ́ǹṣì ni àwọn onípàṣípààrọ̀ owó máa ń jókòó sí lójú ọjà. Banco ni wọ́n ń pe bẹ́ǹṣì náà lédè wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ báǹkì ti wá. Wàhálà tiwọn ni pé ìjọ Kátólíìkì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí ènìyàn gba èlé lórí owó tó yáni. Ọgbọ́n tí wọ́n fi gba ẹ̀yìn òfin náà jáde ni ìwé pàṣípààrọ̀. Ká ní oníṣòwò kan ní Florence ń wá owó. Báǹkì yóò kó florin fún un, òun yóò sì kọ ìwé sí aṣojú rẹ̀ ní London pé kó san owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀ka báǹkì náà tó wà níbẹ̀. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni àṣà gbà kí wọ́n fi san án láàárín ìlú méjèèjì. Inú iye tí wọ́n bá ṣẹ́ owó náà sí ni wọ́n ń fi èrè báǹkì pa mọ́ sí. Kò sí ẹni tó dárúkọ èlé. Àwọn baba wa tó ń gba ìwọ̀fà náà kì í dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé. Ìwé pàṣípààrọ̀ tún ní àǹfààní mìíràn: oníṣòwò kò ní láti gbé àpò wúrà kọjá láàárín àwọn ọlọ́ṣà mọ́.

Nígbà tó fi máa di 1330, ìdílé Bardi àti ìdílé Peruzzi ní Florence ti ní ẹ̀ka láti London títí dé erékùṣù Cyprus. Owó tí wọ́n ń yá ènìyàn kì í ṣe tiwọn nìkan. Àwọn ará ìlú, àwọn ìjòyè àti àwọn àlùfáà ló kó owó pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Edward Kẹta, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá bẹ̀rẹ̀ ogun pẹ̀lú Faransé ní 1337, ogun sì ń jẹ owó bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ. Irun àgùntàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn aláṣọ Florence fi ń hun aṣọ, ọba ló sì ń fúnni láṣẹ láti kó o jáde. Nítorí náà, bí ọba bá ní kí wọ́n yá òun lówó, kò rọrùn láti kọ̀. Wọ́n yá a. Wọ́n tún yá a sí i, kí èyí tó wà nílẹ̀ má baà ṣègbé. Giovanni Villani, oníṣòwò tó kọ ìtàn Florence sílẹ̀ nígbà náà, ní ọba jẹ Bardi tó 900,000 florin, ó sì jẹ Peruzzi tó 600,000. Àwọn òpìtàn òde òní ní iye náà ti pọ̀ jù, àti pé àwọn ìdí mìíràn wà tí ilé-iṣẹ́ méjèèjì fi wó. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni pé ọba kò san án bó ṣe yẹ.

Ta ni yóò lọ mú ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sílé ẹjọ́ ní Florence? Peruzzi wó ní 1343, Bardi sì tẹ̀ lé e ní 1346. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké wó lẹ́yìn wọn, ẹni tó kó owó pamọ́ kò rí i gbà mọ́, ọjà ìlú sì dákẹ́. Villani fúnra rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n nínú ọ̀ràn gbèsè yìí. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1348 ló wá pa á. Yorùbá ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn tọba yìí, àwọn tí kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni igi wó lù.

Ìdílé Medici, tó dá báǹkì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Florence ní 1397, kọ́ ẹ̀kọ́ lára àwọn tó ṣáájú. Wọ́n ya ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ bí ilé-iṣẹ́ tó dá dúró, kí gbèsè London má baà fa Venice ṣubú. Ó gbè wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá ẹ̀ka Bruges, Tommaso Portinari, tún lọ kó owó rẹpẹtẹ fún ìjòyè Burgundy, Charles, ẹni tí wọ́n pa lójú ogun ní 1477. Ẹ̀ka London náà sì ti bá Edward Kẹrin wọ inú irú gbèsè kan náà. Báǹkì Medici kógbá wọlé ní 1494. Ọdún yẹn gan-an ni àlùfáà Luca Pacioli tẹ ìwé jáde ní Venice, tó fi ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ṣe ń kọ owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nígbà méjì, ibi tó ti wá àti ibi tó gbà lọ, kí àṣìṣe lè fojú hàn nígbà tí apá méjèèjì kò bá dọ́gba. Títí di òní olónìí, bí àwọn aṣírò owó ṣe ń kọ ọ́ náà nìyẹn.

Òwò wá ṣí lọ sí àríwá. Ní Bruges, ní ilẹ̀ tó di Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, àwọn oníṣòwò máa ń pàdé níwájú ilé èrò ìdílé kan tó ń jẹ́ Van der Beurze. Orúkọ ìdílé yìí ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ń pe ọjà ìpín ìdókòwò títí di báyìí. Antwerp kọ́ ilé ńlá fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní 1531. Níbẹ̀ ni àwọn Potogí ti ń ra ẹgba idẹ tí wọ́n ń kó wá sí etí òkun wa, dé Bìní, láti fi ra ata àti ẹrú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun Sípéènì tí wọn kò rí owó oṣù gbà kó ìlú náà lẹ́rù, wọ́n sì dáná sun ún ní 1576. Nígbà tí Sípéènì tún ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1585, àwọn oníṣòwò rẹ̀ tú ká. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá lọ sí Amsterdam pẹ̀lú owó àti ọgbọ́n orí wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Dirck van Os, tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọ 100 guilder. Òmíràn ni Isaac Le Maire, tí a óò tún gbọ́ nípa rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun tuntun wo ni Amsterdam wá ṣe? Ìwé àṣẹ tí ìjọba fún VOC ní oṣù Kẹta, ọdún 1602 fún un ní ọdún 21 láti dá nìkan ṣòwò ní ìhà Íńdíà. Ó sì sọ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọn yóò ṣírò owó, ẹni tó bá fẹ́ sì lè gba tirẹ̀ padà. Ọdún mẹ́wàá! Commenda kì í kọjá ìrìn àjò kan. Kí ni ẹni tó nílò owó ní ọdún kejì yóò ṣe? Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tí Neeltgen kọ orúkọ sí ti dáhùn: onípìn-ín lè gbé ìpín rẹ̀ fún ẹlòmíràn, bí ó bá lọ síwájú akọ̀wé owó ilé-iṣẹ́ kí wọ́n yí orúkọ padà. Owó kò jáde nínú ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín lè yí padà. Gbólóhùn kúkurú yìí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn náà. Láìpẹ́, àwọn ènìyàn ti ń ra ìpín, wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń fi í dúró fún gbèsè.

Níbi tí a bá ti ń ta ìlérí, alárékérekè kò ní jìnnà. Le Maire wà lára àwọn tó dá owó jù lọ sínú VOC, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alákòóso rẹ̀, kí ìjà tó lé e kúrò ní 1605. Ní 1609, òun àti àwọn kan ní kọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín tí kò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ká ní mo ta ìpín fún yín ní 150 lónìí, pé lọ́dún tó ń bọ̀ ni n óò gbé e wá. Bí iye rẹ̀ bá já sí 120 kí ọjọ́ náà tó pé, n óò lọ rà á ní 120 lọ́jà, n óò gbé e fún yín, n óò sì kó 30 sápò. Ó wá di àǹfààní mi kí ọ̀rọ̀ burúkú nípa ilé-iṣẹ́ náà máa tàn kálẹ̀. Iye ìpín já wálẹ̀ lóòótọ́, àwọn alákòóso sì figbe bọnu pé wọ́n ń pa àwọn opó àti ọmọ aláìníbaba tó ní ìpín lára. Ní oṣù Kejì, ọdún 1610, ìjọba fòfin de títa ìpín tí kò sí lọ́wọ́ ẹni. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn tún fi ń ṣe é.

Lójú tèmi, ọwọ́ Le Maire kò mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó fi kan àwọn alákòóso pé wọn kò ka àwọn onípìn-ín sí kì í ṣe irọ́. Títí di 1610, kò sí èrè kankan tó dé ọwọ́ àwọn onípìn-ín. Nígbà tí yóò sì dé, mace ni wọ́n kọ́kọ́ fi san án, ìyẹn èèpo pupa olóòórùn dídùn tó máa ń bo kóró nọ́tímẹ́ẹ̀gì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fún wọn ní ata tó fara jọ ìyèré. Kí ni ẹni tí kì í ṣe alátà yóò fi òkìtì mace ṣe nínú yàrá? Àwọn kan kọ̀ ọ́. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá pé ní 1612, ìjọba gbà kí ilé-iṣẹ́ náà má ṣe ìṣirò tí ìwé àṣẹ ṣèlérí. Ní 1622, inú àwọn onípìn-ín ti ru débi pé wọ́n ń tẹ ìwé pélébé káàkiri ìlú, wọ́n ń béèrè pé kí àwọn alákòóso wá ṣí ìwé owó. Wọ́n rí àtúnṣe díẹ̀ gbà, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n béèrè.

Àwọn onípìn-ín ṣì rí ẹni bá jà. Àwọn ará erékùṣù Banda, níbi tí nọ́tímẹ́ẹ̀gì ti ń hù, kò rí. Nítorí pé wọ́n ń tà fún àwọn oníbàárà mìíràn, ọ̀gá VOC níbẹ̀, Jan Pieterszoon Coen, kó ọmọ ogun lọ bá wọn ní 1621. Nǹkan bí 15,000 ènìyàn ni àwọn òpìtàn fojú bù pé wọ́n ń gbé níbẹ̀. Bí wọ́n ti ń pa wọ́n ni wọ́n ń kó wọn lẹ́rú, ebi sì pa àwọn mìíràn kú lórí òkè, kò sì ju nǹkan bí 1,000 lọ tó ṣẹ́kù. Wọ́n wá kó ẹrú wá láti ibòmíràn kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ oko. Gbogbo èyí kò sí nínú ìwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ nílé van Os.

Ìhà ọ̀dọ̀ wa náà kò bọ́ níbẹ̀. Ọdún 1621 yẹn ni Họ́láńdì dá ilé-iṣẹ́ kejì sílẹ̀ fún òwò Áfíríkà àti Amẹ́ríkà, èyí tó gba odi Elmina lọ́wọ́ àwọn Potogí ní 1637, ní ilẹ̀ tó di Gánà, tó sì ń kó ẹrú kọjá òkun. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò hàn sójú. Owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ń kà ní igbiwó àti ọ̀kẹ́, inú òkun Maldives, nítòsí Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó o. Ọkọ̀ VOC a máa kó o wálé, wọn a sì fi gbàǹjo tà á ní Amsterdam. Àwọn tó ń bọ̀ wá ra ẹrú ní etí òkun wa, bíi ní Ouidah, ló ń rà á. London náà di ọjà owó ẹyọ nígbà tó yá. Owó tí ìyá àgbà so mọ́ igbá àtẹ ní Ọ̀yọ́ lè ti gba ilé gbàǹjo àwọn òyìnbó kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní 1688, ọmọ Họ́láńdì kan, William, ré òkun kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọba níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Òun náà ń bá Faransé jagun, òun náà sì ń wá owó, bíi ti Edward Kẹta. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yàtọ̀. Ní 1694, àwọn ènìyàn 1,268 dá £1,200,000 jọ, wọ́n yá ìjọba ní èlé 8 nínú 100, wọ́n sì gba àṣẹ láti dá Báǹkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Kì í ṣe ẹnu ọba ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló fi owó orí ọkọ̀ ojú omi àti ti ọtí ṣe ìdúró fún gbèsè náà. Ọba kan kò lè dá jí lówùúrọ̀ kó ní òun kò san mọ́.

VOC ní tirẹ̀ wà títí di òpin ọdún 1799, nígbà tí gbèsè àti ìwà jẹgúdújẹrá ti tú u palẹ̀. Ní 2010, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń yẹ àwọn ìwé àtijọ́ wò nílùú Hoorn, ní Họ́láńdì, rí ìwé ìpín kan tí wọ́n kọ ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1606. Òun ni ìwé ìpín VOC tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì rí. Kì í ṣe ti olówó ńlá. Pieter Harmensz, ọkùnrin kan tó ń jíṣẹ́ fún àwọn olórí ìlú Enkhuizen, ló ni ín, 150 guilder ló sì san. Wọ́n kọ àwọn èrè tí ìwé náà mú wá sí ara rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí dé ọdún 1650.